Ìfun tó sùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti iná kékeré tó lè jí i

Ìbéèrè kan wà tó máa ń ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún níkùn lójú, pàápàá tí àna rẹ̀ bá wà nítòsí: "Ṣé ẹ ti só?" Ìyálọ́mọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní ọsibítù àwọn aláboyún tó wà ní Campbell Street, ní Erékùṣù Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960. Àwọn ẹbí á ti gbé kúlà oúnjẹ wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ìsó ni wọ́n ń retí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ìfun kì í dúró sójú kan. Ó máa ń fún pọ̀, ó máa ń tú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ti oúnjẹ síwájú. Bí wọ́n bá la ikùn, tí ọwọ́ kan ìfun, ó máa ń dákẹ́. Láti 1899 ni Bayliss àti Starling, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣàlàyé pé àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn kiri ara lè pàṣẹ fún ìfun pé kó dúró. Ara ìfun tí wọ́n fọwọ́ kàn tún máa ń wú díẹ̀, mọ́fíìnì tí wọ́n fi pa ìrora á sì dá kún un. Ìfun kékeré sábà máa ń jí láàárín wákàtí 24. Ti ìfun ńlá lè di ọjọ́ kẹta. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ikùn á le bí ìlù, èébì á bẹ̀rẹ̀, owó ibùsùn á sì máa gorí ara wọn.

Bí iṣan bá lè mú ìfun sùn, iṣan náà lè jí i. Ohun tí àwọn dókítà ń dán wò nìyẹn. Wọ́n á rán iná díẹ̀ gba ìsàlẹ̀ orúnkún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun, tàbí gba ọrùn tàbí etí, níbi tí iṣan tó so ọpọlọ mọ́ ikùn gbà kọjá. Bátìrì ló ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, kò sí pé à ń retí iná ìjọba. Ní Hong Kong, ìwádìí kan tó jáde ní 2013 lo abẹ́rẹ́ tí iná ń gbà kọjá fún lára àwọn aláìsàn 165 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá fún. Àwọn tó gba iná náà yàgbẹ́ lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 86. Àwọn tí kò gbà á rárá dúró di 122. Síbẹ̀, kò tíì di ìtọ́jú tí gbogbo dókítà fọwọ́ sí. Ẹni tó ní ẹ̀rọ nínú ọkàn kò gbọ́dọ̀ dán an wò láìgba àṣẹ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ ra ẹ̀rọ ní Balógun kó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú abẹ.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí kò wọ́n. Ṣingọ́ọ̀mù ni. Bí ẹnu bá ń jẹ, ọpọlọ á rò pé oúnjẹ ń bọ̀, á sì gba inú iṣan kan náà ránṣẹ́ sí ìfun. Àkójọ ìwádìí 17 tó jáde ní 2016, lórí àwọn obìnrin tó lé ní 3,000 tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, fi hàn pé ìsó àkọ́kọ́ fi nǹkan bí wákàtí 7 yá fún àwọn tó jẹ ẹ́. Dídìde rìn díẹ̀díẹ̀ náà dára. Àgbo ìyàgbẹ́ tàbí ẹnímà tí ìyá àgbà gbé wá ní kọ̀rọ̀ ló léwu.

Bí èébì bá di aláwọ̀ ewé, tí ikùn ń wú sí i, tí ibà sì dé, kí wọ́n pe dókítà lójú ẹsẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé ìfun ti lọ́ tàbí pé ojú ibi tí wọ́n rán ti ń jò, iná kankan kò sì lè wo ìyẹn.