Àga àti Tábìlì Ayé Victoria ní Rẹ́mọ
Iṣẹ́ igi ìgbà Ọbabìnrin Victoria (1837–1901) ni à ń sọ, irú èyí tí àwọn Sàró (àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone) àti òyìnbó ajíhìnrere mú dé Èkó àti Abẹ́òkúta. Ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, ilé àtijọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kí a ti wá a. Kí olùkójọ kọ́kọ́ fa dúrọ́ọ̀ yọ: bí eyín tó so igun rẹ̀ pọ̀ kò bá dọ́gba, ọwọ́ ni wọ́n fi gé e. Nígbà náà, ilé iṣẹ́ Gillows ní Lancaster, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa tẹ orúkọ rẹ̀ sí etí dúrọ́ọ̀. Àga Thonet ti Vienna (1859) yàtọ̀: ooru omi ni wọ́n fi tẹ igi rẹ̀. Òfò ńlá ni fífá fáníṣì àtijọ́ kúrò. Igi ọ̀gànwó wọ́pọ̀ nínú àga àti tábìlì ìgbà náà. Ìrókò sábà máa ń tọ́ka sí káfíńtà ilẹ̀ wa, ikán kì í sì í tètè jẹ ẹ́.