Irin Gbígbé àti Orúkọ Ọmọ Süleyman

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ẹni tí ó bá ń gbé irin wúwo, àyà fífẹ̀ àti apá kíki ni ó ń wá, kí ojú ayé lè máa wò ó. N kò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yẹ ìtàn Naim Süleymanoğlu wò, ọkùnrin tí gíga rẹ̀ kò tó mítà kan àbọ̀. Bí ó bá dúró láàrin èrò, ta ni ìbá pè é ní alágbára?

Ní ọdún 1967 ni a bí i ní ilẹ̀ Bùlgáríà, láàrin àwọn ìran Túrkì tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti ayé ìjọba Ottoman. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí ó fi ń gbé ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ sókè orí. Ìjọba Bùlgáríà ń fi í yangàn. Ní ìparí ọdún 1984, ìjọba yìí kan náà pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ Túrkì ilẹ̀ náà pa orúkọ wọn tì, kí wọ́n gba ti Bùlgáríà. Àwọn ọmọ ogun yí abúlé ká. A sì fi òfin de èdè Túrkì ní gbangba. Báyìí ni Naim Suleimanov ṣe di Naum Shalamanov. Àwa tí a máa ń wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ mọ bí èyí ti rí. Wọ́n fẹ́ apá ọmọ náà, wọn kò fẹ́ bàbá rẹ̀.

Irin ni ó mú un jáde. Àgbẹ̀ tábà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè rìn lọ sí òkè òkun bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba ẹ̀bùn wá sílé, dandan ni kí wọ́n rán an jáde. Ní oṣù December 1986, lẹ́yìn ìdíje kan ní Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ó yọ́ kúrò láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì gba ilẹ̀ Túrkì lọ. Níbẹ̀ ni ó ti di Süleymanoğlu. (Èyí dùn mọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè: Süleyman ni Sùlàímọ̀nù tiwa, *oğlu* sì ni “ọmọ rẹ̀”. Ìrù *-ov* ti àwọn Slav ni ó gé kúrò, tí ó fi ti èdè ìyá rẹ̀ rọ́pò rẹ̀.)

Òfin eré kò jẹ́ kí ó díje fún ilẹ̀ tuntun kíákíá àfi bí Bùlgáríà bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ìjọba Túrkì san owó tí a gbọ́ pé ó tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tí ó dé Seoul ní 1988, nínú ìsọ̀rí àwọn tí wọn kò wúwo ju kílò 60 lọ, ó fa kílò 152.5 láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan náà; níbi tí irin ti ń kọ́kọ́ sinmi lé èjìká, ó gbé 190. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 342.5. Ọmọ Bùlgáríà, Stefan Topurov, ni ó ṣe ìkejì, kílò 30 ni ó sì fi kéré sí tirẹ̀! Títí di ọjọ́ náà, ìjàkadì nìkan ni ilẹ̀ Túrkì ti gba wúrà Olympic rí.

Àwọn oníròyìn tí wọ́n wá gbọ́ nípa irin ni ó ń sọ ìyà àwọn ènìyàn rẹ̀ fún. N kò sọ pé irin ni ó wó ìjọba Zhivkov ní 1989; ìwọ́de wà, ìyípadà Moscow wà, àwọn Túrkì tí wọ́n ju 300,000 sì ti ṣí kúrò ní Bùlgáríà lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ̀ pé Túrkì wà ní Bùlgáríà rárá, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́. Ní 1990, òfin gbà kí àwọn tí ó ṣẹ́kù padà sí orúkọ wọn. Naim tún gba wúrà ní Barcelona ní 1992 àti ní Atlanta ní 1996. Ó kú ní Istanbul ní 2017.