Àwo Ọlọ́nà Ilẹ̀ Japan àti Ọ̀nà Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Gbà Dé Nàìjíríà

Ìlú Arita ní erékùṣù Kyushu ni iṣẹ́ àwo tánganran ti bẹ̀rẹ̀ ní Japan, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, nígbà tí àwọn amọ̀kòkò tó ti Korea wá rí amọ̀ funfun tó yẹ iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ aró ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ya òdòdó, ẹyẹ àti òkè sára àwo kí wọ́n tó fi ohun dídán bíi gíláàsì bò ó. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi pupa àti wúrà kún un lórí dídán náà, wọn a sì tún un sun. Láàárín àwọn ọdún 1650, àwọn oníṣòwò Holland bẹ̀rẹ̀ sí í rà á lọ sí Yúróòpù. Èbúté Imari ni ẹrù náà ń gbà jáde, orúkọ èbúté yìí ló sì mọ́ àwo Arita lára.

Ẹni tó bá ń kó irú àwo bẹ́ẹ̀ jọ a máa dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè rí ìdí rẹ̀. Nítorí òfin owó ibodè Amẹ́ríkà, láti 1891 ni “Nippon” ti wà ní ìdí àwọn àwo tó ń lọ síbẹ̀. Láti 1921, “Japan” ló rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, títí di 1952, “Made in Occupied Japan” wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Òǹtẹ̀ nìkan kò tó, torí ayédèrú pọ̀. Ọnà ọwọ́ ni ẹ̀rí tó dára jù: ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti tẹ̀ nípọn, ibi tó ti fẹ́ẹ́rẹ́, àti òdòdó méjì lára àwo kan náà tí kò jọra tán.

Nílùú Èkó náà, wọ́n mọ àwo tánganran níyì. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá ń tò ó sí, àlejò pàtàkì tàbí ọjọ́ ọdún ló sì ń gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó jinlẹ̀ jù tí Nàìjíríà rí gbà nínú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ olùkọ́ ló ti gbà á.

Ní 1911, wọ́n pe Bernard Leach, ọ̀dọ́ ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì, síbi àpèjọ kan ní Tokyo. Wọ́n ní kí àlejò kọ̀ọ̀kan ya nǹkan sára ìkòkò, wọ́n sì sun ún lójú wọn. Iṣẹ́ náà wọ Leach lára débi pé ó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ amọ̀kòkò kan tó ń jẹ́ Kenzan kẹfà. Ní 1920, òun àti Hamada Shoji, amọ̀kòkò ará Japan, dá ibùdó ìmọ̀kòkò sílẹ̀ ní St Ives, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Michael Cardew lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ní 1923. Cardew yìí ló wá sí Gold Coast, tó ń jẹ́ Ghana lónìí, ní 1942, òun náà ló sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò sílẹ̀ fún ìjọba ní Àbújá àtijọ́, tó ń jẹ́ Suleja lónìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950.

Ààfin Ẹ́míà Àbújá ni Cardew ti rí ìkòkò obìnrin amọ̀kòkò kan, Ladi Kwali, ó sì gbà á sílé ẹ̀kọ́ náà ní 1954. Bíi ti àwọn obìnrin Ìpetumodù àti Ìsàn-Èkìtì, láti kékeré ni Ladi ti ń fi ọwọ́ lásán mọ ìkòkò, láìlo kẹ̀kẹ́ ìmọ̀kòkò. Kò pa ọwọ́ yẹn tì ní Àbújá. Ó ń họ alángbá, àkekèé àti ẹja sára ìkòkò, ó ń fi amọ̀ funfun kún ojú ìlà, wọn a fi dídán bò ó, wọn a sì sun ún nínú ìléru tí ooru rẹ̀ ju 1,200 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iṣẹ́ yìí kò kéré sí ti Arita rárá. Wọ́n ṣàfihàn rẹ̀ ní Berkeley Galleries ní London ní 1958, àwọn olùkójọ sì ń wá a títí dòní. Ìkòkò Àbújá náà ní òǹtẹ̀ tirẹ̀: orúkọ ìlú náà tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, àti àmì ẹni tó mọ ọ́n. Àwòrán Ladi, tó kú ní 1984, wà lẹ́yìn owó ogún náírà.

Èkó náà ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀kòkò: ní Yàbá, lẹ́bàá òpópónà Herbert Macaulay tó gba Sábó kọjá, ni Yabatech wà, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Paul Mount, oníṣẹ́ ọnà ará Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ní 1955. Yusuf Grillo, ayàwòrán ọmọ Èkó, wá darí ẹ̀ka náà fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ìmọ̀kòkò wà lára ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ obìnrin ni ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá láyé àtijọ́.