Àwọn Tó Ń Tún Ojúbọ Ṣe: Ìtàn Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, orúkọ Agbọnbíọfẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ọmọ agbo-ilé Adéṣínà ni, agbo-ilé àwọn agbẹ́gilére. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1912 sí 1916, ó sì kú ní 1945. Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé nípa rẹ̀, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun sì ń wá ère tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n bí agbẹ́gilére bá jọ̀wọ́ ère, tó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ló kù. Ẹnìkan ní láti máa gbá ojúbọ náà, kí ó pọn omi tútù síbẹ̀, kí ó fi ẹfun àti osùn pa ère lára, kí ó pààrọ̀ màrìwò tó ti gbẹ kí ọjọ́ ọdún tó pé. Ìran dé ìran ni wọ́n ń ṣe èyí láìgba owó, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìwé kò dá orúkọ wọn sí.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ewé ni ọ̀ṣọ́ òrìṣà, kì í ṣe òdòdó. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ojúbọ Ògún. Akòko wà níbẹ̀ pẹ̀lú, igi tí a fi ń joyè. Òdúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin ni ewé ìtura. Akòko a máa tan òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó rẹwà gan-an, síbẹ̀ ewé rẹ̀ ni àwọn baba wa ń já. Màrìwò ló gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀mùnú ọ̀pẹ tí kò tíì là ni wọ́n ń gé, wọn yóò ya á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọn yóò sì so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ojúbọ tàbí igbó orò. Ẹni tó bá rí i ti mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi à ń ṣeré. Bó ti rẹwà tó, ààlà ni pẹ̀lú, kì í sì í pẹ́ kó tó gbẹ, nítorí náà ọwọ́ kò lè kúrò lára iṣẹ́ náà.

Ọ̀pẹ ní ipò pàtàkì nínú ìtàn tó kan agbègbè yìí gan-an. Nínú odù Ifá tó ń jẹ́ Ìwòrì Méjì, Alárá àti Ajerò wà lára àwọn ọmọ mẹ́jọ tí Ọ̀rúnmìlà bí. Ọba Àrámọ̀kọ ló ń jẹ́ Alárá títí di òní, ọba Ìjerò sì ni Ajerò. Nígbà tí Ọlọ́wọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, kọ̀ láti kí baba rẹ̀, tí Ọ̀rúnmìlà fi ìbínú padà sọ́run, ìdí ọ̀pẹ ẹlẹ́ka mẹ́rìndínlógún ni àwọn ọmọ ti lọ bẹ̀ ẹ́, ikin, èkùrọ́ ọ̀pẹ tí a fi ń dá Ifá, ló sì fún wọn dípò ara rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní ṣe kàyéfì pé igi kan náà ló ń ṣe ojúbọ lọ́ṣọ̀ọ́.

Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin ti hàn jù ni ara ère ìbejì, Ẹ̀fọ̀n sì wà lára àwọn ìlú tí wọ́n mọ̀ fún gbígbẹ́ ẹ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìyá yóò gba ère, yóò máa wẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ, yóò fi osùn pa á, yóò fi ẹ̀lú kun irun orí rẹ̀. Nígbà tí búlúù tí a fi ń fọṣọ dé ọjà, àwọn ìyá mìíràn fi í rọ́pò ẹ̀lú. Yóò wọ̀ ọ́ ní ìlẹ̀kẹ̀, yóò bọ́ ọ ní oúnjẹ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ojú, imú àti ẹnu ère náà á ti dán, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá. Àwọn tó ń ra ère ní òkè òkun mọ iyì irú ojú bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìyá tó fi ọwọ́ rẹ̀ pa ojú náà rẹ́ pín nínú iṣẹ́ ọnà yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ó yẹ kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ orúkọ agbẹ́gilére sí ìdí ère.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ló ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè. Kí ọdún tó dé ni wọ́n máa ń pawọ́ pọ̀, tí wọ́n á fi àwọ̀ funfun, pupa àti dúdú ya àwòrán tuntun sórí ti èṣí. Ulli Beier kọ nípa irú àwòrán ògiri bẹ́ẹ̀ ní 1960. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Moyọ̀ Òkédìjí àti Bọ́lájí Campbell ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ nípa àwọn obìnrin náà. Ibẹ̀ ni ìwé ti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn dáadáa.

Ní Ẹ̀fọ̀n, ọdún 1930 ni ìyípadà ńlá dé. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwà tó ti ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà fún ìjọba tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní oṣù Keje. Láàárín ọdún náà ó ti dé Ẹ̀fọ̀n. Ogunlọ́gọ̀ ló gbàgbọ́, iná sì jó ère àti ohun èlò òrìṣà púpọ̀. Ẹ̀fọ̀n di ibùdó pàtàkì fún Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi. Nígbà tí Babalọlá kú ní Ẹdẹ ní 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n gbé e wá sin sí.

Àwọn tó sun ère kò jáwọ́ nínú iṣẹ́ títún ilé ìjọsìn ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, ìyá àti ọ̀dọ́bìnrin ló ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n ń fọ aṣọ pẹpẹ, tí wọ́n ń já òdòdó inú ọgbà sínú ìgò omi. Nígbà ìkórè, wọ́n á so ìmọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ògiri, wọ́n á gbé odindi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ẹnu ọ̀nà, iṣu àti àgbàdo á kún iwájú pẹpẹ. Ìmọ̀ ọ̀pẹ tún máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947, níbi tí Bámidélé Àrẹ̀ógún àti Lámídì Fákẹ́yẹ ti gbẹ́ ère ìtàn Bíbélì. Níbẹ̀ náà, orúkọ agbẹ́gilére ló yè.

Àwọn ará Íńdíà ṣe ju wa lọ níbi ìrántí àwọn tó ń ṣe ojúbọ lọ́ṣọ̀ọ́. Ìtàn wọn sọ pé Ramanuja, olùkọ́ ẹ̀sìn Vishnu, bi àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ léèrè ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn pé ta ni yóò lọ gbin òdòdó fún òrìṣà lórí òkè Tirumala, níbi tí òtútù ti mú gan-an. Anantalvar ló yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ọgbà tó dá sílẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Andal, ọmọbìnrin alágbàtọ́ ẹni tó ń so òdòdó fún tẹ́ńpìlì Srivilliputhur, di ẹni tí wọ́n ń bọ fúnra rẹ̀. Títí di òní ni àwọn olùfọkànsìn ń fi ara wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti so òdòdó.

Àwọn òrìṣà tiwa ti mọ òdòdó ní òkè òkun. Ní Salvador, Brazil, apẹ̀rẹ̀ òdòdó ni wọ́n ń kó lọ sínú òkun fún Yemọja ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì.

Ní ilé wa lónìí, òdòdó oníke àti àwọn tó ń fi ṣíṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ ṣòwò ti ń gba ipò ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí. Ẹ̀yin ọmọ Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, ẹ wá ìyá àgbà tó ti tún ojúbọ tàbí pẹpẹ ṣe rí nínú agbo-ilé yín. Ẹ bi í léèrè ewé tó lò, ọjọ́ tó ń já a àti ẹni tó kọ́ ọ. Kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣì lè dáhùn.