Ta Ni Wèrè? Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣàyẹ̀wò Àrùn Ọpọlọ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Kí òyìnbó tó kó ìwé ìṣègùn rẹ̀ dé, Yorùbá ti mọ̀ pé àrùn ọpọlọ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ń bọ́ra sí ìhòòhò láàrin ọjà, tí ó ń ṣa ewé àti igi jọ láìnídìí, ni wọ́n ń pè ní wèrè tàbí aṣínwín. Ẹni tí ó ń wọ aṣọ rẹ̀ bí ó ti yẹ, tí ó ń jókòó láàrin ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n tí ìṣe rẹ̀ kò bá ti ọmọlúàbí mu, wèrè aláṣọ ni. Abísínwín ni obìnrin tí orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ìbímọ. Dìndìnrìn ni ẹni tí òye rẹ̀ kò kún láti kékeré wá. Wárápá sì ni àìsàn tí ń gbé ènìyàn ṣubú. Oníṣègùn a tún máa bèèrè bóyá àrùn náà ti wà nínú ìdílé rí, bóyá àfiṣe ni, tàbí bóyá òrìṣà ni ó ń bínú. Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Bí wọ́n bá dárúkọ àìsàn tán ni wọn yóò tó mọ egbòogi tí wọn yóò lò, àti irú ẹbọ tí wọn yóò rú. Ìdílé tí wọ́n bá sì sọ pé wèrè wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kì í rọrùn fún ọmọ ibẹ̀, nítorí pé alárinà yóò wádìí débẹ̀.

Ìjọba àmúnisìn kò bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ní 1907 ni wọ́n ṣí ilé aṣínwín sí Yábà ní Èkó, nígbà tí òmíràn ti wà ní Kàlàbá. Òfin Aṣínwín ti 1916 sọ pé ẹni tí òye rẹ̀ kò kún láti ìbí àti ẹnikẹ́ni mìíràn tí iyè rẹ̀ kò pé, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú òfin. Ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni òfin náà rí níbi tí ìyá arúgbó abúlé kan ti rí márùn-ún tàbí mẹ́fà. Adájọ́ ni ó ń jókòó wádìí, ìwé ẹ̀rí dókítà ń bẹ níwájú rẹ̀, ohun tí ó sì jẹ ẹ́ lógún ni bóyá ẹni náà lè ṣe ìjàǹbá fún ará ìlú. Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ifọ̀n, tí àwọn ẹbí kò sì lè mú un mọ́lẹ̀ mọ́, ọ̀nà Yábà jìn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó sún mọ́ jù. Abájọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ka ilé aṣínwín sí ibi tí wọ́n ń tì ènìyàn mọ́, tí wọn kò kà á sí ibi ìwòsàn. Nígbà tí Robert Cunyngham Brown rin ilẹ̀ Nàìjíríà já ní 1936 láti wo bí nǹkan ti rí, ìròyìn tí ó tẹ̀ jáde ní 1938 fi hàn pé èrò náà kò ṣàìní ìdí.

Ní 1944, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Láǹtòrò, ní Abẹ́òkúta, di ibi ìtọ́jú fún àwọn ọmọ ogun tí orí wọn dàrú nígbà ogun àgbáyé. Láti ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn Aró ti hù jáde. Thomas Adéoyè Lambo ni ó gba àbójútó Aró ní 1954. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1923. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì tún lọ kọ́ ti àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó dé, wọn kò tí ì parí ilé tí aláìsàn yóò máa sùn. Ó bá àwọn baálẹ̀ abúlé àyíká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sílé pẹ̀lú ìbátan kọ̀ọ̀kan tí yóò máa se oúnjẹ fún wọn. Ní òwúrọ̀, wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ní ọ̀sán, wọn a padà sí abúlé, ẹni tí ó bá lè ṣiṣẹ́ oko a sì ṣe é. Lambo kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí aláìsàn ń sọ nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀. Egbòogi wọn pàápàá kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ: Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ̀wé ní 1960 nípa bí wọ́n ti ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè, igi tí ó jẹ́ ìbátan èyí tí àwọn ará Íńdíà ti ń lò tipẹ́, tí àwọn òyìnbó sì ti yọ oògùn reserpine jáde lára rẹ̀.

Ìjà kan wà tí Lambo kò lè ṣàìjà. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé tí J. C. Carothers kọ jáde. Dókítà yìí ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, ó sì sọ nínú ìwé náà pé ọmọ Áfíríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ lo apá iwájú ọpọlọ rẹ̀, ìwà rẹ̀ sì jọ ti òyìnbó tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé apá kan ọpọlọ rẹ̀. Ó tún ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàrin wọn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni eléyìí, nítorí ẹni tí wọ́n bá sọ pé kò lè ní ìbànújẹ́ jíjinlẹ̀, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ènìyàn. Lambo kò fi èébú dáhùn. Ní 1955, ó tẹ ìwádìí kan jáde nípa àìsàn ìfura àṣejù láàrin Yorùbá, ó sì fi hàn pé ohun tí dókítà àjèjì lè kà sí àmì wèrè lè jẹ́ ìgbàgbọ́ tí gbogbo ìlú jọ gbà. Ẹni tí ó bá ní ayé ń bá òun jà kò tí ì ya wèrè. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ni yóò lè sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kọjá ààlà.

Láti mọ òótọ́, àfi kí wọ́n lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí kò wá sí ilé ìwòsàn rárá. Ní 1961, ọdún kan náà tí àwọn dókítà àrùn ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà kọ́kọ́ pé jọ sí Abẹ́òkúta, Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ sí àwọn abúlé Ẹ̀gbá àti inú Abẹ́òkúta. Wọ́n bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa wọn, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ wé ti agbègbè kan tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní Kánádà. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó ṣe déédéé pẹ̀lú ohun tí dókítà òyìnbó ń pè ní depression. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú u palẹ̀, tí wọ́n ń bèèrè nípa àìróorunsùn, ẹkún àsunìdákẹ́, oúnjẹ tí kò lọ lẹ́nu àti ayé tí ó súni, àwọn ènìyàn mọ̀ wọ́n dájú, wọ́n sì rí i láàrin ara wọn dáadáa. Àìsí orúkọ kò fi hàn pé kò sí àìsàn. Carothers ìbá ti rí i bí ó bá bèèrè bẹ́ẹ̀.

Jane Murphy, tí ó wà nínú iṣẹ́ náà, tún padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní 1976. Àwọn kan ní ilẹ̀ òyìnbó ń sọ nígbà náà pé orúkọ lásán ni wèrè, tí àwùjọ fi ń lẹ ẹni tí kò bá wù wọ́n. Ó ko ohun tí Yorùbá ń pè ní wèrè jọ: gbígbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, rírẹ́rìn-ín láìsí ohun ẹ̀rín, bíbi ara ẹni ní ìbéèrè kí ènìyàn sì tún dá a lóhùn. Ó fi wọ́n wé ti àwọn Eskimo tí wọ́n ń gbé nínú yìnyín, ó sì rí i pé àwọn méjèèjì, tí wọn kò mọ ara wọn rí, ń tọ́ka sí ohun kan náà.

Òmíràn wà tí kò bọ́ sí àpótí ẹnikẹ́ni. Prince ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa brain fag ní 1960, ìyẹn àìsàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná, tí ojú ń ṣú, tí ohun tí wọ́n kà kò sì dúró. (Olùkọ́ tí ó ti mójú tó ìdánwò àṣekágbá kò ní béèrè àpèjúwe jù bẹ́ẹ̀ lọ.) Ìwé ìsọ̀rí àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ orúkọ náà sílẹ̀ ní 1994, nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ jáde ní 2013, wọn kò fún un ní àyè tirẹ̀ mọ́. Ọdẹ orí ńkọ́? Nǹkan ń rìn nínú orí, etí ń hó, àyà ń já, oorun kò sì wá. R. O. A. Makanjuola ṣe àlàyé rẹ̀ fún àwọn dókítà àgbáyé ní 1987. Ẹni tí ó bá sọ fún dókítà pé nǹkan ń rìn lórí òun lè gba oògùn wèrè bí dókítà náà kò bá gbọ́ èdè, bẹ́ẹ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí ìjayà ni ó ń ṣe é.

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn schizophrenia rí bákan náà níbi gbogbo, ìlú mẹ́sàn-án ni wọ́n yàn, Ìbàdàn sì wà lára wọn pẹ̀lú Lọ́ńdọ̀nù, Moscow, Agra àti àwọn mìíràn. Aláìsàn 1,202 ni wọ́n yẹ̀ wò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì bi gbogbo wọn, tí wọ́n ti túmọ̀ sí èdè ibi kọ̀ọ̀kan, Yorùbá pẹ̀lú. Ìròyìn kìn-ín-ní jáde ní 1973. Èyí tí ó tẹ̀lé e ní 1979 ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: lẹ́yìn ọdún méjì, ara àwọn aláìsàn Ìbàdàn àti Agra ti yá ju ti àwọn ti ìlú ọlọ́rọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ó fà á. Ó ṣòro kí ènìyàn má rántí àwọn ìbátan tí ń se oúnjẹ ní abúlé Aró.

Síbẹ̀, èdè ta ni wọ́n pè ní Yorùbá nínú gbogbo ìwádìí yìí? Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀wọ̀ jìnnà sí ti Ẹ̀gbá, àwọn ará Ìyáyù ní Ìdóànì, ní agbègbè Ọ̀sẹ̀, sì ní èdè ilé tiwọn tí ó bá ti Ẹ̀dó tan. Ìbéèrè tí wọ́n túmọ̀ ní Ìbàdàn lè yé ọ̀dọ́ wọn tí ó lọ sí ilé ìwé. Ìyá arúgbó tí ó ń wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ń rìn lórí rẹ̀ yóò fi ti ilé sọ ọ́.

Ní ti òfin, èyí tí wọ́n tún kọ ní 1958 kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti 1916, òun ni ó sì wà nínú ìwé òfin títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun. Ìwádìí tí Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe ní ìpínlẹ̀ 21, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, ti fi hàn pé bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ni irú àìsàn yìí ti ṣe rí, àti pé díẹ̀ péré nínú àwọn tí tiwọn le gan-an ni ó rí ìtọ́jú gbà láàrin ọdún kan. Púpọ̀ nínú wọn kò bọ́ aṣọ, wọn kò sì ṣa ewé jọ. Wọ́n ń lọ sí oko àti ọjà bí gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n ní ìbéèrè kankan.