Vincent van Gogh àti Ẹni tí Ó Pa Iṣẹ́ Rẹ̀ Mọ́

Ọmọ oníwàásù ni ọkùnrin tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1853 ni a bí Vincent van Gogh ní Zundert, ní ilẹ̀ Hólándì, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ. Òun náà fẹ́ láti wàásù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1879 a fi oṣù mẹ́fà dán an wò láàrín àwọn tí ń wa èédú ní Borinage, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m. Ó fi aṣọ rẹ̀ ta àwọn tálákà lọ́rẹ, ó sì ń sùn lórí koríko gbígbẹ nínú ahéré. Àwọn tí ó rán an wí pé ìwà bẹ́ẹ̀ kò yẹ oníwàásù, wọn kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 1880 ni ó ti fi ara rẹ̀ jìn fún àwòrán yíyà.

Ọdún mẹ́wàá péré ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà, síbẹ̀ ó ya àwòrán ọlọ́dà tí ó ju 800 lọ. Ní ọdún 1885, ó ya ìdílé àgbẹ̀ kan tí ń jẹ ọ̀dùnkún lábẹ́ fìtílà. Àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn bí erùpẹ̀ oko. Lẹ́yìn tí ó dé Paris ní 1886, àti Arles ní gúúsù ilẹ̀ Faransé ní 1888, àwọ̀ rẹ̀ wá mọ́lẹ̀ bí oòrùn ọ̀sán.

Kí ni ohun titun tí ó ṣe? Ọ̀pọ̀ ayàwòrán tí ó ṣáájú rẹ̀ ń lo àwọ̀ láti fi ohun tí ojú rí hàn. Vincent lò ó láti sọ ohun tí ọkàn mọ̀. Nígbà tí ó ya ilé ọtí òru kan ní 1888, ó mú kí pupa àti àwọ̀ ewé máa bá ara wọn jà, kí ẹni tí ń wò ó lè mọ ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tí ń pa ènìyàn run. Èyí kò ṣòro fún Yorùbá láti mọ̀. Nígbà tí a bá wí pé ojú ń pọ́n ẹnìkan, a kò sọ̀rọ̀ àwọ̀ ẹyinjú rẹ̀. Ìyà tí ń jẹ ẹ́ ni a ń sọ.

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1890, Vincent kú ní ẹni ọdún 37. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Theo, àbúrò rẹ̀ tí ó ti ń fi owó bọ́ ọ, kú ní oṣù kìíní ọdún 1891. Gbogbo ẹrù náà wá bọ́ sọ́wọ́ Johanna, opó Theo, ẹni ọdún 28, tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì pé ọdún kan. Obìnrin yìí lọ sí Bussum, ó ń gba àlejò sílé láti fi jẹun, ó sì ń fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́ sí ìpàtẹ. Ní 1905, ó kó èyí tí ó ju 400 jọ sí ilé ìṣúra ìlú Amsterdam. Ní 1914, ó tẹ àwọn ìwé tí Vincent kọ sí Theo jáde.

Irúgbìn náà hù. Ní Paris, lẹ́yìn ìpàtẹ ti 1901, Vlaminck, Derain àti Matisse gba ìgboyà àwọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1905 a pe àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ní ẹranko ẹhànnà nítorí agbára àwọ̀ wọn. Ní ọdún kan náà, àwòrán Vincent dé Dresden ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí Kirchner àti Heckel ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Afárá sílẹ̀. Wọ́n kọ́ níbẹ̀ pé a lè fi ọ̀dà kígbe. Ní 1910, Roger Fry pàtẹ iṣẹ́ Vincent pẹ̀lú ti Cézanne àti Gauguin ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹni tí ó kú ní ogún ọdún ṣáájú ti di olùkọ́ àwọn alààyè nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn méjì wéra. Oṣù mẹ́fà ni ìgbìmọ̀ fi dán ọkùnrin yìí wò, wọ́n sì tì í sí apá kan. Ọdún tí ó ju 30 lọ ni Johanna fi tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀, títí ó fi kú ní 1925. Ìgbìmọ̀ ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti yàn àti láti kọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ènìyàn fún iṣẹ́ kan, kí a má ṣe rò pé Ọlọ́run kò ní òmíràn fún un. Bí òkú bá sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé wa, kí a wò ó dáadáa kí a tó fi í dáná.