Aago Mẹ́sàn-án: Bí Ajá àti Ọmọdé Ṣe Pín Ọgbà Ìgbafẹ́ ní New York

Bí ènìyàn bá sọ fún wa pé òun ń lọ sí páàkì, ohun tí a ó kọ́kọ́ bi í ni pé mọ́tò ibo ló fẹ́ wọ̀. Páàkì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní mọ́tò nínú. Ọgbà ìgbafẹ́ ni, ilẹ̀ koríko tó ní igi àti ìjókòó, tí ìjọba ìlú ń tọ́jú fún ará àdúgbò. Ní New York, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé inú fúláàtì tí kò ní àgbàlá rárá, nítorí náà ọgbà ìgbafẹ́ ni àgbàlá wọn. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń sáré, ibẹ̀ náà ni ajá ti ń sáré. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 títí di 2007 ni wọ́n fi ń fa ilẹ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn náà ni pé àwọn tó pariwo jù kò rí ohun tí wọ́n béèrè gbà, ṣùgbọ́n láìsí ariwo wọn, bóyá ni òfin kankan ì bá wà.

Ẹ má bínú, ìgbẹ́ ló dá ìjà náà sílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń gbé àkọlé sójú pópó pé kí alájá mú ajá rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi gọ́tà, kó tó ṣu. Kò sí ẹni tó ní kí ó kó o. (Nílé tiwa, ajá fúnra rẹ̀ ló ń wá ibi tí yóò ṣu sí, a kì í tẹ̀ lé e.) Nígbà tó máa di 1970, ìgbẹ́ ajá ti kún ojú ọ̀nà àti inú ọgbà, àwọn ọmọ sì ń jókòó sórí ilẹ̀ kan náà, wọ́n ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré, wọ́n ń ti ìka bọ ẹnu.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fran Lee, òṣèré tí àwọn ará ìlú mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ló gbé ọ̀rọ̀ náà sórí. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ó pè é ní Children Before Dogs, ìyẹn ni pé ọmọ ni kó ṣáájú ajá. Aràn kan tí wọ́n ń pè ní Toxocara ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ẹyin aràn yìí máa ń wà nínú ìgbẹ́ ajá. Bí ọmọdé bá gbé e mì, aràn náà kì í dàgbà nínú ara ènìyàn, ṣùgbọ́n ó máa ń rìn káàkiri ara, ó sì lè dé inú ojú kó ba ìríran jẹ́. Àrùn náà kò wọ́pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyá wo ló fẹ́ kó jẹ́ ọmọ tòun ni yóò kàn?

Ohun tí Fran Lee fẹ́ ni pé kí ajá máa ṣu sílé olówó rẹ̀. Ó ní kíkó ìgbẹ́ kúrò nílẹ̀ kò tó. Nígbà tí ìjọba Méyọ̀ John Lindsay dá a lábàá ní 1972 pé kí alájá máa kó ìgbẹ́ ajá rẹ̀, kò tẹ́ Fran Lee lọ́rùn. Kò tẹ́ àwọn alájá náà lọ́rùn: wọ́n ní ọgbọ́n láti lé ajá kúrò nílùú ni. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú kò fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, Fran Lee ṣìnà níbí. Ẹyin aràn yẹn kì í lè ran ènìyàn lọ́jọ́ tí ajá bá yà á sílẹ̀. Ó máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀ kó tó gbó. Bí alájá bá kó o lójú ẹsẹ̀, ewu náà bá a lọ.

Ed Koch di méyọ̀ ní 1978. Nítorí pé ọ̀nà ti dí nílùú, ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Albany ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà gbà. Òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1978: ní ìlú tí èrò inú rẹ̀ bá ju 400,000 lọ, kí alájá kó ìgbẹ́ ajá rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò san owó ìtanràn tó lè tó $100. Wọ́n yọ afọ́jú tí ajá ń fọ̀nà hàn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé kò sẹ́ni tí yóò tẹ̀ lé e. Wọ́n tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló fà á tó bẹ́ẹ̀, ojú aládùúgbò ni.

Ìgbẹ́ parí, ó ku eré sísá. Òfin ọgbà sọ pé kí okùn máa wà lọ́rùn ajá, kí okùn náà má sì gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Ajá ńlá kò lè fi ìyẹn na ẹsẹ̀. Ní 1990, wọ́n fi irin sé apá kan Tompkins Square Park fún ajá, ibi eré ajá àkọ́kọ́ nílùú náà. Ó dára, àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹfà 1991, ìjọba lé àwọn aláìnílé tó ń sùn nínú ọgbà náà jáde, wọ́n sé e pa fún àtúnṣe. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ síbi eré àwọn ọmọdé àti síbi eré ajá. Ọmọ rí ọ̀nà wọlé, ajá rí ọ̀nà wọlé. Nígbà tí a bá ń sọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń pín ọgbà, èmi kì í lè gbàgbé ẹni kẹta tí kò sí nínú ìpín náà.

Kì í ṣe gbogbo ọgbà ló ṣeé fi irin sé. Ọ̀nà kejì ni aago. Henry Stern, kọmíṣọ́nà ọgbà ìgbafẹ́ lábẹ́ Koch àti lẹ́yìn náà lábẹ́ Giuliani, gbà kí àwọn alájá tú ajá wọn sílẹ̀ ní àwọn ọgbà kan láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn tàbí tí wọn kò tíì jáde. Ìwà ọ̀daràn pọ̀ nílùú nígbà náà, àwọn alájá sì ní ẹsẹ̀ àwọn ló ń mú kí ọgbà má dá páropáro lálẹ́. Àmọ́ àdéhùn ẹnu lásán ni. Òfin tó ní kí ajá wà lókùn ṣì wà nínú ìwé.

Ẹgbẹ́ àdúgbò kan ní Queens, Juniper Park Civic Association, rí ihò yẹn. Ní 2006 wọ́n gbé ìjọba lọ sí kóòtù pé kí òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé òfin bó ṣe wà, nítorí ẹ̀rù pé ajá tí kò sí lókùn lè bu ènìyàn jẹ. Adájọ́ dá wọn lẹ́bi. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ìgbìmọ̀ ìlera ìlú tún òfin ìlera ṣe láti fàyè gba wákàtí ajá, nígbà tó sì di 2007, ó wọ ìwé òfin ọgbà. Àwọn tó fẹ́ pa àdéhùn ẹnu rẹ́ ló sọ ọ́ di òfin.

Ní Prospect Park ní Brooklyn, lórí Long Meadow, ajá lè sáré bó ṣe wù ú láàárọ̀, bí olówó rẹ̀ bá ní ẹ̀rí pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi àti àmì ìwé àṣẹ. Ibi eré ọmọdé, ajá kì í wọ̀ ọ́ nígbà kankan. Bí aago bá ti lu mẹ́sàn-án, okùn á padà sọ́rùn, àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ á sì máa wọlé.